Aago Mẹ́rin Tí Bàbá Ládánì Kò Tẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá jókòó sí ìloro mi ní àdúgbò Gàmbàrí, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ ṣíṣe ojú ìwé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ohun tí ènìyàn lè fi ayé rẹ̀ ṣe, ó pẹ́ tí mo ti ń fi ẹ̀rín músẹ́ dá yín lóhùn. Ẹ rò pé ọgbọ́n àgbà ló wà nínú ẹ̀rín náà. Ìtìjú ló wà níbẹ̀. N ó sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, n ó sì dé ibi tí ìtìjú náà wà, nítorí àgbà tó bá fi ibi tó ti borí nìkan han ọmọdé, ìdajì ọ̀nà ló fi hàn án.

N kò kéré nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìlọrin ṣì rò pé ilé kan tí wọ́n kọ́ sí Èkó ni íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ti ń fi ọwọ́ ara mi kọ àwọn àmì tí ń gbé ojú ìwé ró, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń to bíríkì. Mo ti ka ìwé lórí rẹ̀ títí ìgò ojú mi fi nípọn. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀kan ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ayé. Lẹ́tà òjé ni à ń tò nígbà náà, tí à ń kà á láti ọ̀tún sí òsì. Ọmọ ilé kéwú ni mí. Kíkà láti ọ̀tún kò ṣòro fún mi, ìyẹn ni ọ̀gá ìtẹ̀wé fi fẹ́ràn mi. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí wọ́n ń gbé lẹ́tà òjé lọ fún àwọn tó ń yọ́ irin, mo ti sún mọ́ ogójì ọdún. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ, mo sì ní láti tún iṣẹ́ kọ́.

Àǹtí Rẹ̀mí ló kọ́ mi. Obìnrin ará Òmù-Àrán ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré kan nígboro, mo sì fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Ó ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀, ó ń pè mí ní Bọ̀dá Súlè, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ náà kò dín líle rẹ̀ kù rárá. Ní ọjọ́ tí mo gbé ojú ìwé àkọ́kọ́ mi wá fún un, èyí tí mo kùn ní oríṣi àwọ̀ bíi méje tí mo sì mú kí ọ̀rọ̀ máa tàn yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ lórí rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó ní:

“Bọ̀dá Súlè, ta ló kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di bútà mú?”

Bútà ìṣe àlùwàlá ló ń sọ. Mo ní, “Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ṣebí bútà ni. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ parí. Ẹ lọ ṣe ojú ìwé yín bíi bútà.”

Òfin kan ṣoṣo ló ní, òfin náà sì le ju pàṣán lọ. Ojú ìwé yòówù tí a bá ṣe, a kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹni tó ni ín títí a óò fi gbé e lọ fún ẹnì kan tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, kí olúwarẹ̀ lò ó lójú wa. Ẹni tó ṣe é kò gbọdọ̀ la ẹnu. Kò gbọdọ̀ tọ́ka. Kò tilẹ̀ gbọdọ̀ mí kanlẹ̀. Ó máa ń wí pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Mo rántí ìgbà tí àwọn oníṣòwò ọkà ní ọjà Ìpàta fẹ́ ojú ìwé tí yóò máa fi iye tí wọ́n ń ta ọjà hàn. Àǹtí Rẹ̀mí gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ Àlàájì Múnìrù, ẹni tó ń ta ẹ̀wà, ó gbé e lé orí àpò.

“Àlàájì, ẹ bá wa wá iye tí wọ́n ń ta àpò ẹ̀wà. Ibi tí ẹ bá fi ìka sí ni n ó tẹ̀.”

Àlàájì fi ìka sí àwòrán àpò ẹ̀wà tí mo fi ṣe ojú ìwé náà lọ́ṣọ̀ọ́. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún fi ìka sí i. Mo fẹ́ sọ pé ìsàlẹ̀ ni, kí ó wo ìsàlẹ̀, ni Àǹtí Rẹ̀mí bá fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

“Ta ló ṣe nǹkan yìí?” Àlàájì bèèrè.

“Bọ̀dá yìí ni.”

Àlàájì wò mí láti òkè délẹ̀. “Ilé yín dára o, ẹ kùn ún dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ ò ṣílẹ̀kùn sí i! Ṣé ojú fèrèsé la ó máa gbà wọlé ni?”

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bò mí, mo sì tún ojú ìwé náà ṣe nígbà mẹ́rin kí a tó gbé e sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wà lábẹ́ obìnrin yìí. Bí mo bá ní àlùbáríkà kan nínú iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti rí i.

Irinṣẹ́ yí padà lójú wa bí ẹni ń yí ewé ìwé. Àkọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà oníké lẹ́yìn, tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ké bí ológbò tí ìlẹ̀kùn há nírù kó tó wọlé. Lẹ́yìn náà ni ogun búráúsà dé. Búráúsà, fún ẹni tí kò bá mọ̀, ni ojú fèrèsé tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹ ń tẹ̀ lórí fóònù yín lójoojúmọ́ láìbèèrè orúkọ rẹ̀. Ojú ìwé tó jókòó dáadáa nínú ọ̀kan yóò dojú dé nínú èkejì. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí ìlà kan ṣoṣo tó kọ̀ láti tọ́. Àwọn ẹlòmíràn máa ń kọ ọ́ sí ojú ìwé wọn pé kí ènìyàn lọ wá búráúsà báyìí báyìí kó tó wọlé, bí ẹni tó ní kí àlejò lọ pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó tẹ ẹní òun. Ìgbà tó ṣe, fóònù kéékèèké gba gbogbo ìlú. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù tí a ń fi ìka pa lára. Ní báyìí, ẹ̀rọ kan wà tí ẹ kàn ń bá sọ̀rọ̀, tí yóò ṣe ojú ìwé náà fún yín kí omi tíì tó hó. N kò bínú sí i. Èmi náà ti lé lẹ́tà òjé lọ rí.

Ohun tí mo bínú sí ni ohun tí ọwọ́ mi ṣe nígbà tí mo ti di ọ̀gá. Àǹtí Rẹ̀mí ti kó lọ sí òkè òkun nígbà náà. Èmi ni mo ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń pè mí láti wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, mo sì ti jáwọ́ nínú gbígbé iṣẹ́ mi lọ sí Ìpàta láti dán an wò. Mo rò pé mo ti mọ ìka àwọn ènìyàn ju bí àwọn fúnra wọn ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ mọ àṣà wa. Bí ẹnì kan bá kú ní àárọ̀, a kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú bá a lókè eèpẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò wa tó wà nídàálẹ̀ ń ráhùn pé ìròyìn kì í bá àwọn lásìkò, ni àwọn àgbà bá ní kí n ṣe ojú ìwé kan tí a ó ti máa kéde òkú. Mo ṣe é láìgba nǹkan kan, mo fi í ṣe sàráà. Ẹni tí wọ́n yàn pé kó máa kọ ìkéde síbẹ̀ ni Bàbá Ládánì, apèrun mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Ohùn rẹ̀ ni a fi ń jí láti ìgbà tí mo wà ní ìdí ìwé kéwú. Òun náà ló ti ń kéde òkú láti ìgbà yẹn, kò sì ṣì í sọ rí.

Mo jókòó tì í, mo kọ́ ọ bí yóò ṣe lo fóònù. Ó kọ orúkọ. Ó kọ ilé tí olóògbé ti wá. Ó wá dúró.

“Súlè, níbo ni n ó kọ ‘lẹ́yìn ìrun ọ̀sán’ sí?”

“Kò sí ìyẹn, Bàbá. Aago ni ẹ ó yàn. Ẹ wò ó níhìn-ín.”

“A kì í fi aago sin òkú ní Gàmbàrí. Ìrun la fi ń sin ín.”

“Bàbá, gbogbo ayé ló ń lo aago. Ẹni tó wà ní Mìnnà, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí Límáámù wa yóò kírun?”

“Ṣé kò sí mọ́sáláṣí ní Mìnnà ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó ti kàwé ni mo rín sí ẹni tó ń bi mí ní ìbéèrè tó tọ̀nà jù lọ tí ẹnikẹ́ni bi mí lẹ́nu iṣẹ́. Ká ní mo pa ẹnu mọ́ ní ọjọ́ náà, tí mo wo ibi tí ìka rẹ̀ ń wá ọ̀nà lọ, n kì bá tí ní ìtàn kankan láti sọ fún yín.

Mo tún fi ọgbọ́n kún un. Nítorí pé lẹ́yìn ìrun Alaásárì, ìrun ìrọ̀lẹ́, ni a sábà máa ń sìnkú, mo ti kọ aago mẹ́rin sílẹ̀ sínú àpótí aago, ìyẹn àyè tí a ti ń yan aago lójú ìwé náà. Bí Bàbá kò bá fọwọ́ kàn án, mẹ́rin ni yóò gbé jáde. Mo pe èyí ní ìrànwọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń pè é báyìí: ọ̀rọ̀ tí mo fi sí ẹnu ẹni tí kò sọ̀rọ̀.

Ìkéde bíi méjìlá lọ geere. Gbogbo wọn bọ́ sí ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni Hájíà Rékíyà ti Ilé Aláró kú, ní kùtùkùtù ọjọ́ Àtàláátà kan. Límáámù ní lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni a ó sin ín. Bàbá Ládánì gbé fóònù, ó kọ orúkọ, ó dé ibi ilé, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n: “Ilé Aláró, Gàmbàrí, a ó kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.” Kò fọwọ́ kan àpótí aago. Kí ni ìbá fọwọ́ kàn án fún, nígbà tó ti sọ àsìkò?

Ṣùgbọ́n èmi ọlọ́gbọ́n ti dín àyè tí a ń kọ ilé olóògbé sí kù kí ó lè mọ níwọ̀n lójú fóònù. Ohun tó bá gùn jù, ojú ìwé náà yóò gé e. Ohun tí gbogbo ayé rí ni: Hájíà Rékíyà. Ilé Aláró, Gàmbàrí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Mìnnà ni Láwàl, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ti ń ṣiṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ kàn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé, “Màmá ti lọ. Wo ojú ìwé wa fún àsìkò.” Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ti ń ṣe nígbà náà, a kì í sọ àsìkò fún ara wa lẹ́nu mọ́. Láwàl wò ó, ó rí mẹ́rin, ó ṣírò ọ̀nà rẹ̀. Ó rí i pé àyè wà láti dúró ní Bídà kí ilé ẹ̀kọ́ yọ̀ǹda ọmọbìnrin rẹ̀, kí òun lè mú un wá dágbére fún ìyá àgbà rẹ̀. Lẹ́yìn Bídà, kò sí nẹ́tíwọ̀kì tó dúró re lójú ọ̀nà.

Níhìn-ín, àwọn àgbà bèèrè pé, “Láwàl ńkọ́?” Àbúrò rẹ̀ ní, “Ó ti rí àsìkò.” Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n kírun, wọ́n sin ín.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ Láwàl dé. Mo wà níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń yára, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó sì rí eruku ibojì lára ẹsẹ̀ gbogbo wa.

A jókòó ní àgbàlá mọ́sáláṣí lẹ́yìn Alaásárì. Láwàl kò sunkún. Ó na fóònù rẹ̀ síwájú.

“Ta ló kọ mẹ́rin?”

“Èmi ni mo kọ ìkéde,” Bàbá Ládánì ní, “ṣùgbọ́n n kò tẹ mẹ́rin. Wàláì, n kò tẹ mẹ́rin, Láwàl. Mo kọ ọ̀sán.”

“Níbo ni ọ̀sán wà níbí, Bàbá? Ẹ fi hàn mí.”

Bàbá gba fóònù náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Kò rí i. Límáámù wá yíjú sí mi.

“Súlè, ìwọ lo ṣe é. Ṣé ẹ̀rọ lè yí ọ̀rọ̀ padà fúnra rẹ̀?”

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti mọ̀. Kí Límáámù tó parí ìbéèrè náà, mo ti rí àpótí aago ọ̀hún lójú ọkàn mi, mo ti rí mẹ́rin tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sínú rẹ̀. Gbogbo àgbà àdúgbò ń wò mí, àwọn tó ń fi mí yangàn fún àlejò. Mo ní:

“Ẹ̀rọ kì í purọ́, Límáámù. Ohun tí a bá fún un ló ń gbé jáde.”

Kò sí irọ́ nínú gbólóhùn náà bí a bá tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Irọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnì kan sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ojú Bàbá ti ń lọ. Ẹlòmíràn ní ọjọ́ ogbó ti dé, kí a má dá a lẹ́bi. Ìyọ́nú wọn burú ju èébú. Bàbá Ládánì wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì wo ilẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo yọ mẹ́rin náà kúrò, tí mo fi àyè sílẹ̀ fún ìrun. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gba iṣẹ́ ìkéde lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n fún ẹni tó kéré sí i. Kò pẹ́ ni wọ́n ní kí ó sinmi nínú pípe ìrun pẹ̀lú, kí ó má bàa lọ ṣi àsìkò pè. Kí ọdún náà tó parí, ó kó lọ sí Òkè-Òyì, sí ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń dáko níbẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe iṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Iṣẹ́ mi ń gòkè. Mo ń dúró níwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, mo ń sọ fún wọn pé bí ẹni tó ń lo nǹkan bá ṣìṣe, ẹ̀bi ẹni tó ṣe nǹkan náà ni. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn baba wa ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Irọ́ ni lọ́dọ̀ tèmi. Èmi tí mo ṣe é kò gbàgbé rí.

Ìgbà tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí kò sí ohun tí mo lè fi dí etí mi mọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Òyì. Bàbá jókòó lórí ẹní níwájú ilé, ó ń yọ ẹ̀pà. Ojú rẹ̀ ti bàìbàì, ṣùgbọ́n ó dá ohùn mi mọ̀. Mo kúnlẹ̀, èmi arúgbó, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó yọ ẹ̀pà bíi mélòó kan kó tó dáhùn.

“Ta lo ti sọ ọ́ fún?”

“Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún, Bàbá.”

“A jẹ́ pé o kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi mọ ohun tí mo tẹ̀ àti ohun tí n kò tẹ̀. Ṣé èmi ni ó ń ṣe ní kàyéfì ni? Dìde, Súlè. Gàmbàrí ni kí o lọ sọ ọ́ fún.”

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun Alaásárì, mo gba àyè lọ́wọ́ Límáámù, mo dìde ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Láwàl wà níbẹ̀. Òun náà ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà wálé. Mo sọ ọ́ bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí, mo sì pe irọ́ mi ní irọ́. Múráínà, ọgbà mi ní ilé kéwú, ló kọ́kọ́ la ẹnu:

“Súlè, ìrùngbọ̀n rẹ lo ń dúró dè kó funfun tán kí o tó rántí?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Mo ti rántí láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Láwàl kò wò mí. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, “Kí Bàbá Ládánì tó kó lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kí mi ní sàlámà lójú ọ̀nà. N kò jẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta.” Ó dìde. “Ẹ mọ ilé náà. Ẹ ó mú mi débẹ̀ lọ́la.”

Bóyá ẹ ń retí kí n sọ fún yín bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí tàbí kí ẹ má kọ́ ọ. Ẹ kọ́ ọ, bí ó bá wù yín. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé gbogbo àpótí tí ẹ bá ṣe, ẹnì kan yóò fi ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ kò ní sí níbẹ̀. Bí ó bá sì bàjẹ́, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ pè, kì í ṣe tiyín. Ọjọ́ náà ni a ó mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́. Èmi ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Láwàl wa ọkọ̀ dé Òkè-Òyì láìbá mi sọ̀rọ̀. Láti ojú ọ̀nà ló ti ké sàlámà, ó ké e sókè, bí ẹni tó ń san án lápapọ̀. Ọwọ́ Bàbá dúró lórí ẹ̀pà.

“Ohùn ta nìyẹn?”

“Láwàl ni, Bàbá. Ọmọ Hájíà Rékíyà.”

Bàbá jẹ́ sàlámà náà ní pípé, ó fi àánú Ọlọ́run àti àlùbáríkà rẹ̀ kún un, kò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní. Láwàl bọ́ bàtà, ó jókòó.

“Bàbá, ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. N kò lè bi ẹnikẹ́ni láti ìgbà yẹn. Ẹ sọ fún mi bí wọ́n ṣe sin ìyá mi.”

Bàbá Ládánì gbé igbá ẹ̀pà kúrò lórí itan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀: ẹni tó pọn omi ìwẹ̀ rẹ̀, ẹni tó gé aṣọ funfun, iye ìlà tí àwọn èrò tò lẹ́yìn Límáámù, ẹni tó kọ́kọ́ bu eèpẹ̀ sí i. Ó ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú.

Wọn kò pè mí sórí ẹní. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nínú oòrùn, títí ó fi sọ ọ́ tán.